Kí a tó gba iye àwọn tálákà gbọ́: ohun tí iṣẹ́ wíwọn òṣì ti kọ́ mi

Bí ìjọba kan bá kéde pé ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìlú ló wà nínú òṣì, ẹ̀yìn ìwé ìròyìn náà ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí, níbi tí wọ́n tẹ ìwé ìbéèrè sí. Iye tí wọ́n kéde kò lè yé mi kí n tó mọ ohun tí wọ́n bi àwọn èèyàn, ìgbà tí wọ́n bi wọ́n, àti bí wọ́n ṣe ṣírò ìdáhùn wọn. Ìlà òṣì, ìyẹn iye owó tí a máa ń ka ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó o sí tálákà, kì í ṣe ohun tí a wà jáde nínú ilẹ̀ bí ẹni wa wúrà. Ọwọ́ èèyàn ló ń fà á. Ìpinnu tó wà nínú fífà á pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè gbé ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn kọjá ìlà náà láìjẹ́ pé oúnjẹ kankan kún inú abọ́ wọn. Mo kọ èyí fún ẹni tó fẹ́ lóye irú iye bẹ́ẹ̀, àti fún ẹni tí wọ́n lè gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan.

Ìpinnu àkọ́kọ́ ni ohun tí a fẹ́ wọ̀n: ṣé owó tó ń wọlé ni, àbí ohun tí èèyàn ń jẹ tó sì ń lò? Níbi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń gba owó oṣù, tí àkọsílẹ̀ owó orí sì wà, owó tó ń wọlé ṣeé mọ̀. Òun ni Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń lò. Níbi tí àgbẹ̀ àti oníṣòwò kéékèèké bá ti pọ̀, ohun tí wọ́n ń jẹ tí wọ́n sì ń lò ni mo fara mọ́. Àgbẹ̀ lè rí owó gbà lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́dún, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń jẹun. Bí a bá béèrè owó tó wọlé fún un kí ìkórè tó dé, yóò dà bí ẹni tí kò ní nǹkan kan; bí a bá béèrè lẹ́yìn ìkórè, yóò dà bí ọlọ́rọ̀. Oníṣòwò kékeré pàápàá kì í sábà ya owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára owó ilé, kò sì rọrùn fún òun fúnra rẹ̀ láti mọ èrè tó jẹ lóṣù.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìrántí. Níbẹ̀ ni mo gbà pé ìṣirò òṣì ti ń bàjẹ́ jù, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹni tí a bi léèrè ohun tí wọ́n jẹ nínú ilé ní ọjọ́ 7 sẹ́yìn yóò rántí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí a bi léèrè ti ọjọ́ 30 yóò gbàgbé ọ̀pọ̀ ohun kéékèèké, àpapọ̀ rẹ̀ yóò kéré ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn tálákà yóò sì pọ̀ sí i lórí ìwé. Ọjọ́ 7 náà ní àléébù tirẹ̀, nítorí èèyàn a máa fa ohun tó rà ní ọjọ́ 9 tàbí 10 sẹ́yìn wọ inú ọ̀sẹ̀ tí a béèrè.

Íńdíà fojú rí i. Nínú ìwádìí ńlá wọn ti ọdún 1999 sí 2000, wọ́n béèrè ti ọjọ́ 7 àti ti ọjọ́ 30 lórí oúnjẹ lọ́wọ́ ìdílé kan náà, ìlà ìdáhùn méjèèjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ìwé. Ohun tí ó sábà ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé olùdáhùn àti òṣìṣẹ́ tó ń kọ ọ́ yóò máa mú kí ìdáhùn méjèèjì bára mu. Iye òṣì tí ìjọba kéde já láti ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1993 sí 1994 bọ́ sí ìdá 26 péré, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé sì jà fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ àfọwọ́fà ìbéèrè. Láti ara irú nǹkan báyìí ni mo ti gbà pé a kò gbọ́dọ̀ yí ìbéèrè padà ní ìdákọ́ńkọ́. Bí ìyípadà bá pọn dandan, ẹ lo ìwé àtijọ́ fún apá kan àwọn ìdílé, kí ẹ lo ìwé tuntun fún apá kejì, lọ́dún kan náà, kí ẹ fi kèké pín wọn. Ìyàtọ̀ tó bá jáde láàárín apá méjèèjì yóò fi hàn yín bí ìwé tuntun ṣe ń ti iye náà sí.

Àwọn nǹkan mìíràn wà nínú ìwé ìbéèrè tí kò hàn sójú. Bí àkójọ oúnjẹ tí a tẹ̀ bá gùn, tó dárúkọ oúnjẹ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn yóò pọ̀ ju ti àkójọ kúkúrú tó kó wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan lọ. Oúnjẹ tí àwọn ará ilé ń rà jẹ níta tún wà. Ẹni kan ṣoṣo ló sábà máa ń dáhùn fún gbogbo ilé, kò sì lè mọ ohun tí àwọn yòókù jẹ níbi iṣẹ́ tàbí níléèwé. Bí ìwé kò bá ní ojú ewé tirẹ̀ fún èyí, tí a kò sì bi ẹni tó jẹ ẹ́ gan-an, ìdílé ìlú ńlá yóò dà bí ẹni tí ebi ń pa.

Òṣùwọ̀n pẹ̀lú ń dà wá láàmú. Àwọn èèyàn kì í fi kìlógíráàmù sọ̀rọ̀. Abọ́, ìdì àti òkìtì ni wọ́n ń fi ka nǹkan, abọ́ àgbègbè kan kì í sì í ṣe abọ́ àgbègbè kejì. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, òṣìṣẹ́ ní láti gbé ìwọ̀n lọ sọ́jà ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan, kó wọn oríṣi òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan fún oúnjẹ kọ̀ọ̀kan nígbà mélòó kan, kó sì ṣe tábìlì tí a ó fi yí wọn sí gíráàmù. Ẹni tó bá fo èyí, tó sì fi òṣùwọ̀n àgbègbè kan ṣírò fún gbogbo orílẹ̀-èdè, yóò rí ìdílé tó ń jẹ 6,000 kálórì lórí ẹnì kan lójúmọ́, yóò sì rí òmíràn tó ń jẹ 400. Iye méjèèjì kò lè jẹ́ òótọ́.

Ní ti àsìkò, kò sí àríyànjiyàn: ẹ tú iṣẹ́ náà ká sí oṣù 12, kí àgbègbè kọ̀ọ̀kan sì ní ìdílé tí a bẹ̀ wò láàárín oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Nítorí owó tí yóò ná wọn ni wọ́n ṣe ń yẹra fún un.

Nígbà tí ìwé bá dé, a ó kó ìnáwó ìdílé kọ̀ọ̀kan jọ sí iye kan. Oúnjẹ tí wọ́n gbìn fúnra wọn wà lára rẹ̀, a ó fi iye ọjà àdúgbò náà kà á. Ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀ kò san owó ilé, ṣùgbọ́n ó ń rí àǹfààní ilé náà. A ó wo owó tí wọ́n ń gba lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò, a ó sì kà á fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ayálégbé yóò dà bí ọlọ́rọ̀ ju onílé lọ. Ohun èlò tó ń pẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọlé ní odindi. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní 1,200, tí a retí pé yóò lò ọdún 10, kí a ka 120 sí ọdún kan. Ìnáwó ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ti àìsàn ńlá, mo máa ń yọ wọ́n kúrò. Ìdílé tó ta gbogbo ohun tó ní láti fi wo aláìsàn yóò dà bí ẹni tí nǹkan rọ̀ ṣọ̀mù fún lọ́dún náà bí a bá kà á mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ìyà ló ń jẹ wọ́n.

Ìgbà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ kan ìlà. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ìjọba ń gbà ni pé kí wọ́n mọ iye tí ohun kòṣeémáàní yóò ná èèyàn. A ó mú àwọn ìdílé kan tó wà nísàlẹ̀ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ìsàlẹ̀ pátápátá, bí àpẹẹrẹ láti ìdá kejì dé ìdá karùn-ún nínú mẹ́wàá, a ó wo oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ní ti gidi àti bó ṣe pọ̀ tó. Ká ní oúnjẹ wọn pé 1,800 kálórì lórí ẹnì kan lójúmọ́, tó sì ń ná wọn ní 60. Bí a bá ti pinnu pé 2,100 ni ara nílò, a ó sọ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, owó rẹ̀ yóò sì di 70. Ìlà oúnjẹ nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí a mú ṣe àwòkọ́ṣe ló pinnu rẹ̀: bí a bá yan àwọn tó rí jájẹ díẹ̀, oúnjẹ wọn máa ń wọ́n jù fún kálórì kan náà, ìlà yóò sì gòkè.

Èèyàn kì í jẹun nìkan. Aṣọ, ilé, oògùn àti owó ọkọ̀ ń bẹ, kò sì sí kálórì tí a lè fi wọn ìwọ̀nyí. Ọ̀nà méjì la fi ń mọ tiwọn. Ká ní ìlà oúnjẹ jẹ́ 100. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ń wá àwọn ìdílé tí gbogbo ìnáwó wọn jẹ́ 100: wọ́n lè fi gbogbo rẹ̀ ra oúnjẹ kí wọ́n yó, síbẹ̀ 75 ni wọ́n fi ra oúnjẹ, wọ́n sì gba ebi mọ́ra nítorí 25 tí wọ́n ná lórí nǹkan mìíràn. A jẹ́ pé 25 yẹn kò ṣeé yẹ̀ fún wọn rárá, ìlà ìsàlẹ̀ yóò sì jẹ́ 125. Ọ̀nà kejì ń wá àwọn tí wọ́n fi 100 ra oúnjẹ ní ti gidi. Bí gbogbo ìnáwó wọn bá jẹ́ 160, ìlà òkè jẹ́ 160. Ìlú kan náà ni, àwọn èèyàn kan náà ni. Ẹni tó bá yan 125 àti ẹni tó bá yan 160 yóò kéde iye tó jìnnà síra, kò sì sí irọ́ lẹ́nu ẹnì kankan nínú wọn.

Ọ̀nà tí Amẹ́ríkà gbà rọrùn ju èyí lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí pé wọn kò tún un ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀. Mollie Orshansky, tó ń ṣiṣẹ́ ní àjọ ètò ààbò àwùjọ wọn, mú iye owó oúnjẹ tó rẹlẹ̀ jù lọ nínú àwọn ètò oúnjẹ tí ìjọba ṣe, ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, nítorí ìwádìí ọdún 1955 fi hàn pé ìdílé ń ná nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó wọn lórí oúnjẹ. Ètò oúnjẹ yẹn, fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ṣe é, fún ìdílé tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1969 wọ́n sọ ìlà náà di ti ìjọba, láti ìgbà náà sì ni wọ́n ti kàn ń fi ọ̀wọ́n ọjà kún un. Oúnjẹ kò gba ìdá kan nínú mẹ́ta mọ́ nínú ìnáwó ìdílé níbẹ̀. Owó ilé àti ti ìtọ́jú ara ti gbapò rẹ̀.

Nínú gbogbo àríyànjiyàn lórí ìlà, ti Íńdíà ló ta mí létí jù. Ní 2009, ìgbìmọ̀ tí Suresh Tendulkar darí tún ìlà ṣe, òṣì ti ọdún 2004 sí 2005 sì kúrò ní ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 37.2. Ní 2011, wọ́n gbé ìlà náà dé iwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ: rúpì 32 lójúmọ́ fún ará ìlú ńlá, 26 fún ará abúlé. Ariwo sọ. Ìgbìmọ̀ mìíràn tí C. Rangarajan darí jókòó, ó sì jábọ̀ ní 2014. Ọdún 2011 sí 2012 tí ìlà Tendulkar sọ pé òṣì jẹ́ ìdá 21.9, ti Rangarajan sọ pé ó jẹ́ 29.5. Mo rò pé ariwo ọdún 2011 ṣe ìlú láǹfààní, nítorí ìgbà tí wọ́n sọ ìlà di owó ojúmọ́ ni ẹni tí kò ka ìṣirò lè bi ara rẹ̀ pé, ṣé èèyàn lè fi èyí gbé?

Ìdílé kì í dọ́gba. Mú tọkọtaya kan tó ní ọmọ mẹ́ta tí kò tí ì pé ọdún 14, tí wọ́n ń ná 1,000 lóṣù, kí o sì mú arúgbó kan tó ń dá gbé, tó ń ná 300. Bí a bá fi orí pín in, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìdílé yẹn ní 200, arúgbó ló sì rí já jẹ jù. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í jẹ tó àgbà, èèyàn márùn-ún sì lè jọ lo òrùlé kan àti iná kan. Òṣùwọ̀n tí Yúróòpù ń lò ka àgbà àkọ́kọ́ sí 1, àgbà tó tẹ̀ lé e sí 0.5, ọmọ tí kò tí ì pé 14 sí 0.3. Ìdílé náà di 2.4, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní nǹkan bí 417. Ọwọ́ ti wá yí padà: arúgbó ló di tálákà jù. Ìjọba tó bá ń pín owó ìrànwọ́ yóò fún ọmọdé tàbí yóò fún arúgbó, ìlà ìṣirò kan péré ló sì pinnu rẹ̀. Níbi tí oúnjẹ bá gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó, mi ò fẹ́ kí a lo òṣùwọ̀n Yúróòpù bó ṣe wà, torí oúnjẹ kì í ṣe ohun tí èèyàn márùn-ún lè jọ lò bí òrùlé.

Ìlà tí a fà lónìí yóò gbó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí a fi òṣùwọ̀n ọ̀wọ́n ọjà gbogbo ìlú gbé e sókè. Ká ní oúnjẹ gbówó lórí ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, tí nǹkan yòókù sì gbówó lórí ní ìdá 5. Bí oúnjẹ bá gba ìdá 40 nínú ìnáwó tí àjọ ìṣirò fi ń ka ọ̀wọ́n ọjà, wọn yóò ní ọjà wọ́n ní ìdá 15. Àmọ́ tálákà ń ná ìdá 70 lórí oúnjẹ, tirẹ̀ wọ́n ní ìdá 22.5. Ìlà tó yẹ kó di 122.5 yóò dúró sí 115, gbogbo àwọn tó wà láàárín méjèèjì yóò sì pòórá nínú ìwé òṣì.

Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kò fi oúnjẹ fà á. Wọ́n to gbogbo èèyàn láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù dé ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n mú ẹni tó bọ́ sí àárín gbùngbùn, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ sì ni ìlà. Mo fẹ́ràn ohun tó ń sọ, pé òṣì wà nínú kí èèyàn má lè bá ẹgbẹ́ pé. Ewu rẹ̀ ni pé bí ẹni àárín bá ṣubú, ìlà yóò bá a ṣubú. Ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, ní ọdún ìṣúná 2010 sí 2011, àwọn ọmọ tí wọ́n kà sí tálákà dín ní nǹkan bí 300,000, nítorí pé owó ẹni àárín lọ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń di ìlà ọdún kan mú pẹ̀lú, tí a ó máa fi ọ̀wọ́n ọjà nìkan kún un, kí a lè ka méjèèjì pa pọ̀.

Ìlà Báńkì Àgbáyé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní dọ́là 1 lójúmọ́ ní 1990. Láti oṣù kẹfà 2025 ó ti di dọ́là 3. Inú ìlà àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù ni wọ́n ti mú un, kò sì wà láti rọ́pò ìlà tí orílẹ̀-èdè fà fún ara rẹ̀. Ìyípadà yẹn nìkan gbé iye àwọn tó wà nínú òṣì líle ní 2022 láti mílíọ̀nù 713 dé mílíọ̀nù 838. Àṣìṣe tí mo ń rí níbi gbogbo ni kí wọ́n fi iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là lọ́jà sọ dọ́là 3 náà pọ̀. Dọ́là ti ìlà yìí jẹ́ ohun tí dọ́là 3 lè rà ní Amẹ́ríkà ní 2021, tí a wá wo iye tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ń ná ní ilẹ̀ tiyín. Ní ilẹ̀ tí owó iṣẹ́ ti kéré, iye yẹn máa ń rẹlẹ̀ gan-an ju ti ẹni tó ń ṣẹ́ owó.

Kíkà ló kù. Ìdílé la ń bẹ̀ wò, èèyàn la sì ń kéde. Nínú ìdílé 10, ká ní 4 jẹ́ tálákà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní èèyàn 7, tí 6 yòókù sì ní èèyàn 3. Ẹni tó ka ìdílé yóò ní òṣì jẹ́ ìdá 40. Ẹni tó ka èèyàn yóò rí 28 nínú 46, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá 61. Nínú kọ̀ǹpútà, ìyàtọ̀ yẹn kò ju pé ẹnì kan gbàgbé láti sọ ìwọ̀n ìdílé (iye ìdílé tí ìdílé kan tí a bẹ̀ wò ń ṣojú fún) di púpọ̀ pẹ̀lú iye ará ilé. Èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò nìyẹn nígbà tí iye kan bá rẹlẹ̀ jù lójú mi.

Kíka orí nìkan sì máa ń tan ìjọba jẹ. Mú ẹni méjì nísàlẹ̀ ìlà 100, ọ̀kan ní 95, ìkejì ní 40. Bí ìjọba bá ní 5 láti pín, tó sì fún ẹni tó ní 95, òṣì ti dín ní ìdajì lórí ìwé. Bó bá fún ẹni tó ní 40, kò sí ohun tó yí padà nínú ìkéde. Amartya Sen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ti pariwo èyí láti 1976, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mìíràn, Foster, Greer àti Thorbecke, sì gbé ìṣirò kalẹ̀ ní 1984 tó ń wo bí èèyàn ṣe jìnnà sí ìlà tó. Mi ò gbà kí ìjọba tẹ ọ̀kan jáde kó fi èkejì sílẹ̀.

Àwọn kan ti fi owó sílẹ̀ wọ́n ń ka àìní fúnra rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, àti Yunifásítì Oxford gbé jáde ní 2010 ní àmì 10 lábẹ́ ìlera, ẹ̀kọ́ àti ìgbé ayé. Ẹni tí àìní rẹ̀ bá tó ìdá kan nínú mẹ́ta ni a kà sí tálákà. Ó dára fún mímọ ibi tí omi àti iléèwé kò dé, ṣùgbọ́n ó lọ́ra láti rí àdánù òjijì: ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lánàá ṣì ní iná àti òrùlé lónìí.

Ohun tí a kà sí ọrọ̀ ìdílé sì tún wà. Ìlà Orshansky ní Amẹ́ríkà ń wo owó tó wọlé kí owó orí tó kúrò, kò sì ka owó tí ìjọba ń dá padà nípasẹ̀ owó orí tàbí ìrànwọ́ oúnjẹ. Láti 2011 wọ́n ní òṣùwọ̀n kejì tó kà wọ́n, tó sì yọ owó ìtọ́jú ara àti ìnáwó iṣẹ́ kúrò. Ní 2021 ìjọba fi kún owó tó ń fún ìdílé nítorí ọmọ. Lẹ́yìn ọdún náà, àfikún yẹn dópin. Òṣùwọ̀n kejì fi hàn pé òṣì àwọn ọmọdé fò láti ìdá 5.2 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2021 sí 12.4 ní 2022. Ìlà àtijọ́ ní 15.3 lọ́dún àkọ́kọ́, ó ní 15.0 lọ́dún kejì, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá bi mí bóyá ètò ìrànwọ́ kan dín òṣì kù, mo máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tí ètò náà pín wà lára ohun tí ìwé ìbéèrè kà rárá.